Wọ́n ní Windows 10 ti parí: ṣé láptọ́ọ̀pù mi máa kú ni?

Tíṣà kan ló kọ̀wé sí mi láti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, mo gé ọ̀rọ̀ wọn kúrú díẹ̀: “Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹnjinía. Láptọ́ọ̀pù HP kan ni mò ń lò, tòkúnbọ̀ ni, mo rà á ní 2019, Windows 10 ló wà lórí ẹ̀. Ó ti ṣe díẹ̀ tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ jáde pé Windows 10 ti parí, tí n bá sì ní kó lọ sí Windows 11 á ní kọ̀ǹpútà mi ò kúnjú òṣùwọ̀n. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní kí n má dààmú, òun lè fi tipátipá gbé e sórí ẹ̀. Àmọ́ ó ti bá ọ̀gá wa níléèwé ṣe irú ẹ̀, àtìgbà náà pìríńtà wọn ò tẹ nǹkan kan jáde mọ́, láptọ́ọ̀pù yẹn sì ń fà bí ìgbín. Ẹlòmíì tún ní tí mi ò bá ṣe é, lọ́jọ́ kan màá tàn án, kò ní wá sókè mọ́. Máàkì àwọn ọmọ, lẹ́sìn nóòtù mi, ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́fà, gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ṣé kí n jẹ́ kó ṣe é ni àbí kí n lọ ra tuntun? Ẹ̀rù ń bà mí.”

Mà, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ẹ̀rù yẹn kúrò nílẹ̀: láptọ́ọ̀pù yín ò ní kú. Kò sí ọjọ́ kankan tí Windows 10 máa dédé ti ilẹ̀kùn mọ́ yín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé Microsoft tó ṣe é gbé e jáde ní 29 oṣù keje ọdún 2015, wọ́n sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé tó bá di 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 àwọn máa jáwọ́ lára ẹ̀, ọjọ́ yẹn pé, wọ́n sì jáwọ́. Jíjáwọ́ yẹn ni gbogbo èèyàn ń pè ní “ó ti parí”. Ẹ ṣì lè tàn án, ẹ ṣì lè ṣírò máàkì, ẹ ṣì lè kọ lẹ́sìn nóòtù, ẹ ṣì lè tẹ̀wé jáde. Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Kò sí Windows tí ògiri ẹ̀ kì í lanu, àtèyí tó dàgbà àtèyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù, Microsoft máa ń kó simẹ́ǹtì wá láti dí ibi tí wọ́n bá rí pé ó ti sán, òun ni update tí ẹ máa ń rí tó ń jẹ dátà yín tó tún ń ní kí ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tún un tàn. Simẹ́ǹtì yẹn ni kò wá mọ́. Ilé ò wó, bíríkìlà ni kò wá mọ́.

Ẹ má wá torí ìyẹn rò pé kò sí ewu o. Ewu wà, àmọ́ ewu tó ń rọra rìn ni, bí ikán tó ń jẹ òrùlé. Nígbà tí Windows 7 parí ní 14 oṣù kìíní ọdún 2020, mo ní kọ́sítọ́mà tó pọ̀ ní Adó níbí tí wọ́n ní àwọn ò kúrò lórí ẹ̀, wọ́n sì lò ó lọ lóòótọ́, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sóhun tó ṣe wọ́n. Ìgbà tó di 2023 ni Chrome ní òun ò bá Windows 7 ṣe mọ́, èyí tí wọ́n ń pè ní Chrome 109 ni ìgbẹ̀yìn tó gbà fún un, bó ṣe di pé sáìtì kan á ṣí dé ìdajì á dúró nìyẹn, òmíràn á ṣí tán àmọ́ ibi tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ kò ní gbọ́, ni wọ́n bá ń gbé e wá sọ́dọ̀ mi pé kọ̀ǹpútà àwọn bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Bí Windows ṣe máa ń darúgbó nìyẹn, àwọn tó ń bá a rìn ló ń fi í sílẹ̀ ní kọ̀ọ̀kan. Windows 10 náà máa gba ọ̀nà yẹn, kò kàn tíì débẹ̀ ni. Kódà Microsoft ti ní Defender tó wà nínú ẹ̀ á ṣì máa gba orúkọ àwọn fáírọ́ọ̀sì tuntun títí di 2028, ìyẹn ni pé ọdẹ ṣì ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà, ògiri tó sán nìkan ni ẹnikẹ́ni ò bá yín dí. Ẹni tó ń gbowó nílé báńkì lórí kọ̀ǹpútà ẹ̀, tó ń ki fláàṣì tó ti gba ọ̀dọ̀ ogún èèyàn kọjá bọ̀ ọ́, ewu tiẹ̀ ju ti ẹni tó ń kọ nóòtù lọ. Ẹ̀yin tíṣà sì ni fláàṣì ń gba ọwọ́ yín kọjá jù, mo mọ̀, nígbà èsì ìdánwò fláàṣì kan lè yí gbogbo stáfúrúmù po lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Kí ló wá dé tí Windows 11 fi ní òun ò gba láptọ́ọ̀pù yín? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé torí RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, kéré ni, tàbí torí ààyè ò sí. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, torí ó fẹ́ RAM 4GB àti ààyè 64GB ó kéré tán, àmọ́ láptọ́ọ̀pù tó ní 8GB tó tún ní 500GB náà ń gbọ́ “rárá”. Ọ̀rọ̀ ààbò ni wọ́n mú le nígbà tí wọ́n gbé Windows 11 jáde ní 5 oṣù kẹwàá ọdún 2021. Wọ́n fẹ́ kí nǹkan kan tó ń jẹ́ TPM 2.0 wà nínú ẹ̀rọ, ẹ pè é ní àpótí kékeré tí kọ̀ǹpútà ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àṣírí ẹ̀ sí. Wọ́n fẹ́ Secure Boot, òun ni kì í jẹ́ kí àjèjì kankan jí ṣáájú Windows. Wọ́n sì fẹ́ processor, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, tí orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé tiwọn, lọ́dọ̀ Intel tó ń ṣe é, jẹnẹréṣọ̀n (ìran) kẹjọ sókè ni ọ̀pọ̀ àwọn tó wọlé, lọ́dọ̀ AMD, Ryzen 2000 sókè. Jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ ti Intel yẹn, 2017 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde. Tòkúnbọ̀ tí ẹ rà ní 2019, tí òyìnbó ti lò fún ọdún mélòó kan kó tó wọ Nàìjíríà, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀.

Ẹ má ṣírò ẹ̀ lórí lásán ṣá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn tó ń ta tòkúnbọ̀ máa ń sọ “Core i5 ni, Core i7 ni” bíi pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ wà, wọn kì í sọ jẹnẹréṣọ̀n. Mo ti rí ẹni tó kó owó ńlá lé i7 jẹnẹréṣọ̀n kẹta tí Windows 11 ò dá a lóhùn, tí i3 jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ fi owó pọ́ọ́kú rà sì wọlé wẹ́rẹ́. Ẹ ṣí Settings, ẹ tẹ System, ẹ lọ sí About nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ wo iwájú Processor. Ẹ máa rí nǹkan bí i5-6200U. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé ìlà kékeré yẹn ló ń sọ jẹnẹréṣọ̀n: 6 ni kẹfà, i5-8250U ni kẹjọ, tó bá jẹ́ i5-10210U, nọ́ńbà méjì lẹ máa kà, kẹwàá nìyẹn. Tí tiyín bá jẹ́ keje sílẹ̀, processor ni wọ́n fi lé yín, kò sí bọ́tìnnì tí ẹ lè tẹ̀ tó máa sọ ọ́ di kẹjọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ kẹjọ sókè tó sì ń sọ pé ẹ ò kúnjú òṣùwọ̀n, ẹ má gbà fún un o! Mo ti pàdé èyí tó pọ̀. TPM wà nínú ẹ̀rọ náà, wọ́n kàn pa á ni, tàbí kó jẹ́ pé ẹni tó bá onítòkúnbọ̀ fi Windows sórí ẹ̀ lo ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Legacy, Secure Boot ò sì lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Inú BIOS, ètò kékeré tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó jí, ni wọ́n ti ń tún un ṣe, lórí Intel orúkọ tí TPM ń jẹ́ níbẹ̀ ni PTT, lórí AMD fTPM. Irinṣẹ́ kan wà nínú Windows 10 fúnra ẹ̀ tó ń jẹ́ mbr2gpt, ó ń yí háàdì dísìkì kúrò lọ́nà àtijọ́ láì pa fáìlì rẹ́, àmọ́ ibẹ̀ yẹn, ẹ jẹ́ kí ẹni tó ti ṣe é rí bá yín ṣe é, kí fáìlì yín sì ti wà níbòmíì kó tó fọwọ́ kàn án.

Ní ti ọmọ àbúrò yín, mi ò ní bú u, ohun tó sọ ṣeé ṣe. Kì í ṣe awo rárá, sọ́fúwià kékeré kan wà tó ń jẹ́ Rufus, èèyàn á fi gbé Windows 11 sórí fláàṣì, á sì ní kó yọ àyẹ̀wò TPM àti processor kúrò, ó parí. Èmi náà ti ṣe é fún àwọn tó ní kí n ṣe é, àwọn kan ṣì ń lò ó dáadáa títí dòní tí update oṣooṣù sì ń wọlé fún wọn. Àmọ́ màá sọ òtítọ́ tí mo máa ń sọ fún wọn kí n tó gba iṣẹ́. Microsoft ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, àwọn ò ṣèlérí update fún un, wọ́n lè dá a dúró lọ́jọ́ tó bá wù wọ́n. Ẹ̀dà ńlá tó ń jáde lọ́dọọdún kì í wá fúnra ẹ̀ sórí irú wọn, ẹ máa tún pe ẹni tó ṣe é padà ni, ẹ máa tún náwó dátà. Nígbà tí ẹ̀dà 24H2 dé ní 2024, àwọn ẹ̀rọ ayé Core 2 Duo tí wọ́n fi tipátipá gbé e sórí wọn ò jí mọ́ rárá, torí ó ń béèrè àṣẹ kan tí processor wọn ò mọ̀. Tiyín ò dàgbà tó yẹn, kò ní ṣe yín bẹ́ẹ̀. Ẹ kàn mọ̀ pé ẹni tó gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n lè lé e jáde nígbàkigbà. Tó bá jẹ́ ìdí tí ẹ fi fẹ́ Windows 11 ni pé kí bíríkìlà lè máa wá déédéé, ẹ ẹ̀ rí i pé ọ̀nà yìí ò fọwọ́ sọ̀yà fún ohun tí ẹ ń wá gan-an.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí láptọ́ọ̀pù ọ̀gá yín, torí ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí. Pìríńtà àti Windows ò gbọ́ èdè ara wọn. Ògbufọ̀ kan ló wà láàárín wọn, òun ni wọ́n ń pè ní driver, iléeṣẹ́ tó ṣe pìríńtà ló ń ṣe é, kì í ṣe Microsoft. Tí pìríńtà bá ti pẹ́, iléeṣẹ́ náà lè ti ní àwọn ò ṣe ògbufọ̀ tuntun fún un mọ́, wọ́n fẹ́ kí ẹ ra òmíràn ni. Nǹkan míì tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀: Windows 10 ní irú méjì, ti 32-bit tó jẹ́ ti àtijọ́ àti ti 64-bit tó jẹ́ ti ìsinsìnyí, Windows 11 ò ní ti 32-bit rárá, nítorí náà tó bá jẹ́ 32-bit ni ọ̀gá ń lò tẹ́lẹ̀, gbogbo ògbufọ̀ àtijọ́ wọn di aláìwúlò lọ́jọ́ náà. Ohun tí màá ṣe ni pé màá yọ pìríńtà yẹn kúrò pátápátá nínú Settings, màá yọ wáyà ẹ̀, màá lọ sí sáìtì iléeṣẹ́ tó ṣe é, màá gba driver tó kún, kì í ṣe èyí tí Windows bá mi wá fúnra ẹ̀, tí wọn ò bá ní ti Windows 11 màá gba ti Windows 10 64-bit, ìgbà púpọ̀ ni ìyẹn máa ń jẹ́. Ìgbà tí mo bá ń fi í sórí ẹ̀ ni màá tó ki wáyà padà. Tí wọn ò bá ní ìkankan nínú méjèèjì, ọ̀rọ̀ parí, kò sí ẹnjinía kankan ní Adó tàbí ní Èkó tó lè jókòó ṣe driver fún yín.

Ní ti fífà tó ń fà, ẹ bi wọ́n lọ́jọ́ mélòó tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kan sí méjì lẹ́yìn upgrade, kò sí ẹ̀rọ tí kì í fà, ó ń ka gbogbo fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fa update, ó ń to ilé tuntun. Tó bá ti kọjá ọ̀sẹ̀ kan tó ṣì ń fà, háàdì dísìkì tó ń yí ni, pẹ̀lú RAM 4GB. 4GB tí wọ́n kọ síwèé pé ó tó, ó tó kó jí ni, kò tó kí èèyàn ṣí Word àti Chrome pa pọ̀ lórí ẹ̀ kó sì fọkàn balẹ̀. Tí kò bá sì tíì pé ọjọ́ mẹ́wàá tí ọmọ yẹn ṣe é, tó sì jẹ́ pé orí èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló gbé e gùn tí kò fọ́ọ́mátì, wọ́n lè padà: Settings, System, Recovery, ẹ máa rí Go back. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ni wọ́n fún yín, lẹ́yìn ẹ̀ Windows máa da fódà Windows.old nù, ọ̀nà àbọ̀ sì ti dí nìyẹn. Tó bá fọ́ọ́mátì, kò sí Go back kankan níbẹ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ fáìlì ju ohunkóhun lọ nìyí. Ní 2020 yẹn tí gbogbo èèyàn ń sá kúrò lórí Windows 7, ọ̀dọ́kùnrin kan gbé láptọ́ọ̀pù ẹ̀ wá, iṣẹ́ àṣekágbá ẹ̀ ní yunifásítì wà lórí ẹ̀, mo bi í pé ṣé ó ti kọ́pì ẹ̀ síbòmíì, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Bátìrì ẹ̀ ti kú, orí wáyà ló ń gbé. A dé nǹkan bí ìdajì, òjò ṣú, iná lọ, kí n tó sáré tan jẹnẹrétọ̀ ẹ̀rọ ti pa. Windows máa ń gbìyànjú láti padà sẹ́yìn tí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń rí i ṣe, ọjọ́ yẹn kò rí i ṣe, háàdì dísìkì yẹn náà ti ń ṣàìsàn tẹ́lẹ̀ ni. Ohun tó pè ní kọ́pì, orí Desktop ẹ̀rọ kan náà ló kọ́pì ẹ̀ sí. Orí mẹ́ta nínú márùn-ún la rí gbà padà. Ọmọ yẹn ò pariwo, ó kàn jókòó sórí bẹ́ńṣì ṣọ́ọ̀bù mi títí ilẹ̀ fi ṣú, mi ò gbàgbé ojú ẹ̀. Látọjọ́ náà mi ò kì í fọwọ́ kan ẹ̀rọ ẹnikẹ́ni àfi tí èmi fúnra mi bá fi ojú mi rí fáìlì wọn lórí nǹkan míì, tí mo ṣí méjì mẹ́ta wò níbẹ̀.

Ẹ̀yin náà, kí ẹ tó ronú nípa Windows kankan, ẹ wá fláàṣì tuntun tàbí háàdì dísìkì alágbèéká, ẹ kó gbogbo ẹ̀ síbẹ̀, kí èyí tó ṣe pàtàkì jù, máàkì àwọn ọmọ, tún wà níbì kẹta, ẹ fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ara yín kẹ̀. Ẹ má wo Documents nìkan. Ẹ wo Desktop, ẹ wo Downloads, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ tíṣà ń fi nǹkan sí. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ ń tẹ ìbéèrè Yorùbá, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín: ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́ ni wọ́n fi fọ́ǹtì àkànṣe tẹ̀, tí àmì ohùn àti àmì ìsàlẹ̀ jẹ́ ẹ̀tàn fọ́ǹtì yẹn nìkan. Tí wọ́n bá fọ́ọ́mátì ẹ̀rọ tí fọ́ǹtì yẹn ò sí níbẹ̀ mọ́, ẹ ṣí ìwé, ibi tí ẹ kọ “ọ̀” sí á ti di àmì dọ́là tàbí ohun tí ẹ ò mọ̀, ẹ sì máa rò pé fáìlì bàjẹ́. Ẹ lọ sí fódà Windows, ẹ wá Fonts nínú ẹ̀, ẹ kọ́pì fọ́ǹtì yẹn pẹ̀lú fáìlì yín. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá náà, tí ẹ bá ní, ẹ máa tún un fi sórí ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ímeèlì tún wà, ọ̀rọ̀ tó máa ń dùn mí ni torí àìmọ̀ ló ń fà á. Tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ, ó máa ń béèrè àkáǹtì Microsoft kó tó jẹ́ kí ẹ wọlé. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń báni ṣe é, ímeèlì tiwọn ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀ kó lè yá, kì í ṣe torí olè. Àmọ́ Windows 11 ìsinsìnyí lè ti háàdì dísìkì pa fúnra ẹ̀ bí ẹ bá ti fi àkáǹtì wọlé, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ tó jẹ́ nọ́ńbà 48, inú àkáǹtì tí wọ́n fi wọlé ló máa fi pa mọ́ sí. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ẹnì kan yí nǹkan díẹ̀ ní BIOS, ẹ̀rọ dúró, ó ní kí ẹ mú nọ́ńbà 48 wá, ọmọ yẹn ti lọ sin ìjọba ní Sókótó, ó ti gbàgbé pásíwọ́ọ̀dù ẹ̀. Kò sí ẹni tó lè ṣí i, èmi ò lè ṣí i, Microsoft pàápàá ò lè ṣí i fún yín. Nítorí náà ímeèlì tiyín, pásíwọ́ọ̀dù tiyín, ẹ jókòó tì í nígbà tó bá ń ṣe é. OneDrive náà, òun ló máa ń kó Desktop àti Documents lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láì jẹ́ pé ẹ mọ̀, 5GB péré ni wọ́n fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá kún á máa pariwo, ó sì ń jẹ dátà, tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ ní kó pa á. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta activator, ìyẹn ètò tó ń gba ẹ̀bùrú ṣí Windows tí kò ní láísẹ́ǹsì, fún yín tàbí kó ní kẹ́ ẹ pa Defender kí òun fi fáìlì kan sórí ẹ̀. Láti Windows 10 tó ní láísẹ́ǹsì sí Windows 11, ọ̀fẹ́ ni, ọ̀pọ̀ HP tòkúnbọ̀ sì ni láísẹ́ǹsì wọn wà nínú ẹ̀rọ fúnra ẹ̀.

Kí lẹ máa wá ṣe? Tó bá jẹ́ tèmi ni láptọ́ọ̀pù yẹn, mi ò ní kúrò lórí Windows 10 báyìí. Microsoft ṣí ọ̀nà kan sílẹ̀ fún àwọn tó ń lo ẹ̀rọ tara wọn, kì í ṣe ti iléeṣẹ́, wọ́n ń pè é ní ESU, bíríkìlà á máa wá títí di 13 oṣù kẹwàá ọdún 2026. Dọ́là 30 ni, àmọ́ ẹ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ tí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé tí ẹ sì gbà kó máa tọ́jú ètò kọ̀ǹpútà yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà 22H2 ni Windows 10 yín gbọ́dọ̀ jẹ́, ẹ tẹ winver síbi ìwákiri, ẹ máa rí i. Tó bá ti jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣí ibi tí ẹ ti ń ṣe Windows Update, ẹ wò ó bóyá Enroll now wà níbẹ̀. Owó tí ẹ bá fẹ́ fún ẹni tó máa fi tipátipá gbé Windows 11 wọlé, ẹ fi kún un kí ẹ ra SSD, ìyẹn dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, kí wọ́n fi pààrọ̀ háàdì dísìkì tó ń yí yẹn, kí ẹ sì sọ RAM di 8GB tí àyè ẹ̀ bá wà. Mi ò tíì rí nǹkan tí èèyàn fi náwó lórí láptọ́ọ̀pù àgbà tó dùn mọ́ ọn tó SSD. Ẹ̀rọ tó ń lo ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó jí á jí kí ẹ tó fa àga yín súnmọ́ tábìlì. Èrè ẹ̀ sì ni pé háàdì dísìkì àtijọ́ yẹn á wà lọ́tọ̀ pẹ̀lú gbogbo fáìlì yín lórí ẹ̀ láìfọwọ́kàn.

Ọ̀nà míì ni Linux Mint, ètò míì tí èèyàn lè fi rọ́pò Windows, ọ̀fẹ́ ni, update ẹ̀ kì í béèrè jẹnẹréṣọ̀n kankan lọ́wọ́ yín, ó sì máa ń bá ẹ̀rọ àgbà lò pọ̀ dáadáa. Mo fẹ́ràn ẹ̀, mo ń lò ó fúnra mi. Àmọ́ mi ò ní tì yín sí i, torí ẹ ní máàkì lẹ̀ ń ṣírò, LibreOffice tó wà níbẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ Word àti Excel ń ṣí Excel lóòótọ́ ṣùgbọ́n tí èsì iléèwé yín bá ní fọ́múlà tó díjú tàbí macro, ìyẹn àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra ẹ̀ nínú fáìlì, ó lè yí padà, ìwé Word náà sì lè sún láyè ẹ̀. Wọ́n lè gbé e sórí fláàṣì kí ẹ kọ́kọ́ lò ó láì fọwọ́ kan Windows, kí ẹ ṣí fáìlì èsì yín níbẹ̀ kí ẹ wò ó. Ríra òmíràn ló gbẹ̀yìn, tó bá sì di dandan kí oṣù kẹwàá 2026 tó dé, tòkúnbọ̀ náà dára, ẹ kàn béèrè jẹnẹréṣọ̀n kẹjọ sókè pẹ̀lú SSD, kí ẹ sì ka nọ́ńbà processor fúnra yín lórí ẹ̀rọ kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìgbàkígbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe èyíkéyìí nínú ẹ̀, ẹ dúró di ọlidé. Ẹ má ṣe é lọ́sẹ̀ tí wọ́n ń béèrè èsì, mo bẹ̀ yín. Kí bátìrì wà láyé, tó bá ti kú kí inverter wà níbẹ̀ tàbí kí epo kún jẹnẹrétọ̀, torí lórí háàdì dísìkì tó ń yí, gbígbé Windows 11 gùn ún lè gba wákàtí méjì sí mẹ́ta. Dátà tó lé ní 5GB ló máa lọ. Tó bá ń sọ pé kí ẹ má pa á, tí nọ́ńbà dúró sójú kan fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ fi í sílẹ̀, tí iná ara háàdì dísìkì bá ṣì ń ṣẹ́jú, iṣẹ́ ló ń ṣe.

Mi ò fojú rí ẹ̀rọ yín, mi ò sì lè gbọ́ ìró háàdì dísìkì láti ibí, tó bá ń dún “kẹ́-kẹ́-kẹ́” nígbà tí ẹ bá tẹ́tí sí i, ẹ jẹ́ kí gbogbo nǹkan tí mo sọ yìí dúró ná, ẹ kó fáìlì jáde lónìí, kì í ṣe lọ́la. Tí kò bá dún, ẹ ṣí About yẹn lálẹ́ òní, ẹ kọ nọ́ńbà tó tẹ̀lé i5 tàbí i3 yẹn ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú iye RAM tó wà níbẹ̀, kí ẹ sì bá mi bi ọ̀gá yín lọ́jọ́ tí ọmọ yẹn ṣe tiwọn, torí ọjọ́ mẹ́wàá yẹn ò dúró de ẹnikẹ́ni.